Ẹ Jẹ́ Ká Foríji Moses

Ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ jù nínú ènìyàn, rírà ló ń rà. Èyí tó wà nínú Láolú Àjíṣọlá ti rà, ó ti ń rùn, òun nìkan ló sì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìgbà tí Tẹ́júọlá ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ títí di ọdún yìí tí ọmọ náà fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù. Ẹni méjì péré ló mọ òtítọ́ ibẹ̀. Ọ̀kan ti kú, wọ́n sì ti sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Èkejì ni Láolú, dókítà sì ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, kó má gun àtẹ̀gùn, kó má sì jẹ́ kí ohunkóhun já a láyà. Bí òun náà bá lọ, irọ́ ni yóò kù láyé. Nítorí náà, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Kì í ṣe pé Láolú gbóyà o, ẹ má fi oyè tí kò tọ́ sí i dá a lọ́lá. Ọmọbìnrin kan ló há a mọ́ igun ògiri, ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ló sì fi há a.

Láti Dopemu títí dé Oko Ọba, Baba Spíkà ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọṣẹ́ bá fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù, bí lánlọ́ọ̀dù bá fẹ́ ṣílé, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Láolú ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Àwọn alápatà Oko Ọba pàápàá, àwọn tí ẹnu wọn mú ju ọ̀bẹ wọn lọ, ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ dìbò yan alága. Kì í kọ ọ̀rọ̀ fún ènìyàn kó gbé e fún un. Á jẹ́ kó jókòó, á bi í pé àwọn wo ló máa wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ti gbọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé, kí ló sì fẹ́ kí wọ́n gbé padà lọ. Ohun kan ṣoṣo ni, á ní, nítorí ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Kí wọn bó ṣe yẹ, àgbà ṣáájú, ṣùgbọ́n má kí wọn títí ọbẹ̀ á fi dì. Fi ohun tó máa ta wọ́n jí bẹ̀rẹ̀. Fi ìbéèrè tí gbogbo wọn máa fi ẹnu kan dáhùn parí, torí ohun tí ènìyàn bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, kì í fẹ́ jẹ́ kó di irọ́ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, á gbé bírò fún ọ, á ní, "Kà á látòkèdélẹ̀. Èyí tí o kò bá lè búra sí, fagi lé e." Ẹ̀kọ́ tó dáa ni. Ó kàn jẹ́ pé èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, nígbà tó yẹ kí Láolú lò ó fún ara rẹ̀, kò lò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Tẹ́júọlá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Láolú rí ojú ọmọ náà, ó rí ojú bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé ife tíì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ Moses ni. Ìyá rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé, ló ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà GRA, bí Láolú bá sì rí i lókèèrè lójú títì, ńṣe ló ń sọdá sí òdìkejì bí ẹni pé ó fẹ́ ra nǹkan. Kò retí pé ọmọ náà máa wá bá òun nílé. Ṣùgbọ́n Tẹ́júọlá ti parí iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Shukurat ní Dopemu, wọn kì í sì í gba fírídọ́ọ̀mù láìsọ̀rọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó wá sọ́dọ̀ Baba Spíkà. Ó tún ní kó bá òun bẹ Bàbá kí wọ́n wá ṣí ètò náà fún àwọn lọ́jọ́ náà.

Láolú gba ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wọ gíláàsì. Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó yin ọ̀gá rẹ̀ pé bí ìyá ni wọ́n ṣe sí òun. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé: "Mo bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá bàbá mi ṣiṣẹ́, pàápàá ọ̀gá mi tí iná jó lápá. Ẹ bá mi foríji bàbá mi pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣílẹ̀kùn fún yín."

Láolú yọ gíláàsì, ó nù ún, kò sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ó ní ìpínrọ̀ yìí kò bá ọjọ́ ayọ̀ mu, kó yọ ọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ tó dáa máa ń sọ, ọpẹ́ sì ni tirẹ̀. Tẹ́júọlá ní òun ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́nu àwọn tí Bàbá ti kọ́, ìdí tí òun fi kọ ọ́ nìyẹn, torí ìpínrọ̀ yẹn gan-an ni ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ sọ, ọpẹ́ yòókù ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni. Láolú ní kó ro ti àwọn tó máa jókòó síbẹ̀. Ọmọ náà ní òun rò ó. Gbogbo ọmọṣẹ́ Shukurat ló ń gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yípo, ẹni tó bá kàn ló máa wá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Láti ọjọ́ tí òun ti wọṣẹ́, kò kan òun rí. Ọ̀gá òun kò sọ̀rọ̀ òdì sí òun lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń fún òun lóúnjẹ, wọ́n ń kọ́ òun níṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò dé ọwọ́ òun. Òun náà ò sì béèrè, torí òun mọ ìdí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ní kéèyàn ronú ohun tí wọ́n ti gbọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé," ó ní. "Ohun tí wọ́n ti gbọ́ nípa tèmi nìyẹn. Bí mi ò bá sọ ọ́, òun náà ni wọ́n á máa gbọ́ títí màá fi jókòó."

Ọmọ náà wá fi ìka sí abẹ́ gbólóhùn kọ́kọ́rọ́ yẹn nínú ìwé. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń da òun láàmú níbẹ̀. "Ẹ ní èyí tí mi ò bá lè búra sí, kí n fagi lé e. Mi ò lè búra sí i, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà. Ẹ̀yin ni súpáfáìsà wọn. Ṣé ẹ lè bá mi búra sí i?"

Ó dá mi lójú pé bí ẹnìkan bá fi ìbọn sí i lágbárí, yóò rí ohun kan wí. Sí ìbéèrè yìí, ó ní kí ọmọ náà máa lọ ná, òun fẹ́ sinmi. Ó ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ tán, Láolú jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, gbogbo ibi tó bá gbé ọ̀rọ̀ náà gbà, ògiri ló ń bá pàdé. Bó bá ní òun lè búra, irọ́ kejì nìyẹn, sí ọmọ òrukàn lójúkojú. Bó bá ní òun ò lè búra, ọmọ náà á béèrè pé kí ló dé. Bó bá dákẹ́, Tẹ́júọlá á dìde lójú gbogbo ayé, á fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kò dá. Ohun tó sì há a mọ́ ibẹ̀ kò ju ohun tó ṣe lọ́jọ́ Àìkú kan lọ.

Ilé-iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù kan wà láàárín Ìkẹjà àti Agege nígbà náà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ayọ̀tọ́lá ló ni ín, GRA ló ń gbé. Nítorí pé àwọn kan ń jí ẹrù, Ayọ̀tọ́lá ṣòfin pé bí òṣìṣẹ́ bá ti wọlé, kí wọ́n fi ṣéènì de ilẹ̀kùn irin títí iṣẹ́ á fi parí. Wọ́n gbẹ́ ihò kan sára ilẹ̀kùn náà tí ṣéènì ń gbà kọjá, ọwọ́ ènìyàn náà sì lè gbà á, kí ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ lè ṣí àgádágodo náà yálà inú ló wà tàbí ìta. Ọwọ́ Láolú ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Àṣà burúkú ni, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Moses ni igbá-kejì Láolú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni jẹ́jẹ́. Láolú ló bá a wáṣẹ́ síbẹ̀, nítorí náà Moses kì í já a níyàn.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo wí yìí, Ayọ̀tọ́lá ń ṣe ọjọ́ ìbí fún ìyá rẹ̀ ní GRA, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án, torí ẹrù kan gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. Ó pe Láolú lórí fóònù. Ó ní ẹni tó yẹ kó bá òun kí àwọn àlejò kò wá, kí Láolú sáré wá sọ̀rọ̀ díẹ̀, kó padà. Inú Láolú dùn dé ìdí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọjọ́ tí àwọn ènìyàn ńlá máa gbọ́ ohùn òun. Ó béèrè pé kọ́kọ́rọ́ ńkọ́. Ayọ̀tọ́lá ní kó má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, òun ò tíì gbàgbé ẹrù tí wọ́n jí. Bí ènìyàn gidi bá wà ní ipò Láolú, á ní òun ò lè wá. Láolú kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rí i tó wọ aṣọ òde, tó sì di ṣéènì mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Shukurat, ọmọbìnrin tó ń gé náílọ́ọ̀nù nígbà náà, ló bi í pé ṣé ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kó wá lọ ni. Ibí ni iṣẹ́ ọwọ́ Láolú ti bẹ̀rẹ̀. Ó pe Moses sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ fún un pé kó sọ pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun. Moses rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì fún mi." Láolú ní òun ń bọ̀ kíá, kó ṣáà sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Moses, ṣé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, sà."

"Ṣé ẹ gbọ́ báyìí?"

Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó jáde, ó de ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ìyá arúgbó sunkún ayọ̀, àwọn ọlọ́lá pàtẹ́wọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò. Ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò kan náà, bí fóònù bá sì ti ń gbọ̀n ni irin náà ń dún wíríwírí mọ́ ọn létí itan. Láolú fi ọwọ́ bo àpò náà láti ìta kí ó má dí òun lọ́wọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn kì í gbé fóònù, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni. Nígbà tó jókòó tó yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ Moses ló wà lójú fóònù látòkè dé ìsàlẹ̀. Ó pè é padà, kò gbé e.

Nígbà tó sáré padà, iná ti sọ ní ilé-iṣẹ́, àwọn ará àdúgbò sì ti já ṣéènì kí ó tó dé. Iná ti jẹ èyí tó fẹ́ jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ti gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn jáde, ẹsẹ̀ àwọn kan ti ṣẹ́, apá Shukurat méjèèjì ti jóná. Wọ́n ní Moses ló fi irin ẹ̀rọ fọ́ ọ̀pá fèrèsé, tó ń gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó kù nínú tó máa gbé òun náà, ibẹ̀ ló kú sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń sọ kọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì pariwo pé kó ṣílẹ̀kùn, ó ní kò sí lọ́wọ́ òun. Wọ́n gbá a létí, wọ́n tú àpò rẹ̀. Wọ́n gbà pé ńṣe ló sọ ọ́ nù nígbà tí ẹ̀rù bà á, tó sì ń purọ́. Láolú kò tíì la ẹnu tí irọ́ náà ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun kàn dákẹ́ ni. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú gọ́tà nígbà tó ń lọ sílé, ó sì ṣe bí ẹni pé ó ń tutọ́.

Ayọ̀tọ́lá ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kejì. Ohun tó sọ kò pọ̀. Ó ní, "Bí òtítọ́ bá jáde, ìwọ lo máa kọ́kọ́ wọ ẹ̀wọ̀n, èmi á tẹ̀ lé ọ. Òkú kì í wọ ẹ̀wọ̀n, Láolú. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ bá wọn sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú." Kò pẹ́ sí i tó fi sọ ọ́ di máníjà. Ayọ̀tọ́lá náà ti kú báyìí, òun ni wọ́n sin tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Láolú ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìsìnkú yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti burú jù. Iná, èèṣì ni. Èyí kì í ṣe èèṣì, ó jókòó, ó ronú sí i ni. Ó bi ara rẹ̀ pé àwọn wo ló máa wà níbẹ̀: àwọn tí iná jó, opó, àwọn ará àdúgbò, bóyá ọlọ́pàá kan tàbí méjì. Kí ni wọ́n ti gbọ́? Pé Moses ló fà á. Kí ni òun fẹ́ kí wọ́n gbé lọ? Pé kí wọ́n má béèrè mọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá fẹ̀sùn kan òkú, ẹnìkan á gbèjà rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwádìí á ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá rántí àṣà wa, pé lẹ́bàá sàréè, àgbàlagbà kan a máa bẹ àwọn ènìyàn pé bí olóògbé bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n foríjì í. Gbogbo ènìyàn ló máa ń dáhùn, torí ta ló máa di òkú sínú? Inú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni Láolú fi ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ sí, ó sì sin ín mọ́ Moses.

"Ẹ má bú Moses," ó ní lọ́jọ́ náà, omijé sì wà lójú rẹ̀, omijé gidi ni pẹ̀lú. "Ẹ̀rù ló bà á. Ta ni ẹ̀rù kì í bà nínú wa? Ẹ jẹ́ ká foríji Moses. Ṣé ẹ foríjì í?"

Wọ́n ní àwọn foríjì í. Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún béèrè ibi tí Láolú wà nígbà tí iná ń jó, nítorí ènìyàn kì í foríji ẹni tí kò ṣẹ̀. Bọ́sẹ̀dé náà dáhùn, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá kúnlẹ̀ fún Láolú, ó ní ẹ ṣé tí ẹ bá a bẹ̀bẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ rántí pé ènìyàn ni. Láolú gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un. Ọwọ́ náà nìyẹn tó fi ju kọ́kọ́rọ́ sí gọ́tà.

Ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù pé. Gbọ̀ngán kékeré kan ní Dopemu ni wọ́n lò. Shukurat fúnra rẹ̀ ló gbé búlọ́ọ̀kù ti ilẹ̀kùn kó má baà padé, bó ṣe máa ń ṣe níbikíbi tó bá wọ̀ láti ọjọ́ iná, ó sì jókòó sítòsí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Bọ́sẹ̀dé jókòó níwájú, Tẹ́júọlá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, gbólóhùn yẹn sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n pe Baba Spíkà kó wá ṣí ètò. Láolú ti gbìyànjú láti kọ ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀, kò rí ọ̀nà kan gbé e gbà. Ó di máìkì mú, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà," ó ní. "Èmi ni mo pa Moses."

Gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́. Kazeem, kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ kan tí Láolú kọ́ lọ́rọ̀ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kígbe láti ẹ̀yìn pé ẹ wò ó, ohun tó ń ta ènìyàn jí ló fi bẹ̀rẹ̀, Baba yìí ò ní pa wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń retí ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí, bóyá ó fẹ́ sọ pé gbogbo wa la pa Moses nítorí a kì í ran opó lọ́wọ́, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láolú ní òun kò ṣeré o. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bú ara rẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní apànìyàn, ní ìkà, bí ọ̀rọ̀ náà sì ti ń le sí i ni wọ́n ń mi orí sí i pé ó dùn. Ọjọ́ tó ń sọ òtítọ́ ni ẹnu rẹ̀ di ilẹ̀kùn tí kò ṣe é ṣí. Ó rí i pé òun lè kú sórí ìdúró níbẹ̀, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà.

Ó gbé máìkì kalẹ̀. Ó rìn lọ síwájú Bọ́sẹ̀dé, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti ọkàn tó ń dùn ún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín dá díẹ̀díẹ̀. Kò wá ọ̀rọ̀ dídùn mọ́, bó ṣe ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ó ní GRA ni òun lọ, òun lọ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìbí. Ó ní fóònù ń gbọ̀n, òun fi ọwọ́ bò ó. Ó ní Moses sọ fún òun, ó rẹ ohùn sílẹ̀ sọ ọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tíì fún mi," òun sì ní kó ṣáà sọ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣe àṣìsọ, ó ń padà sí ohun tó ti sọ, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé máa sọ dáa jù ú lọ.

Shukurat dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ohun tí Moses wí nìyẹn," ó ní, kò pariwo. "Nígbà tí mo gbá a létí, ó ní Ọ̀gá Láolú ò fún òun, ó wà lọ́wọ́ wọn. Ó ń pe nọ́ńbà lórí fóònù bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní òpùrọ́ ni. Òun náà ló gbé mi gba fèrèsé jáde."

Láolú gbé orí sókè, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè tó mọ̀ ọ́n bi, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ti kúrò nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lásán ló kù. Ó ní, "Ṣé ẹ foríjì mí?" Àwọn ènìyàn tó ti ń dá a lóhùn láti ọdún pípẹ́ wá, kò sí ẹyọ kan tó dáhùn. Bọ́sẹ̀dé ló sọ̀rọ̀, ó sì ń wo òkè orí rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ má tíì bi wọ́n ní ìyẹn, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní ká foríji ọkọ mi, èmi náà sì dáhùn. Mo kúnlẹ̀ fún yín. Ẹ lọ gba ìdáhùn yẹn padà ná. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó wà níbí, ẹ lọ gbà á ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, kí ẹ sì lọ gbà á ní ibi tí ẹ sin ín sí."

Láolú ní òun á lọ. Ó yíjú sí ẹ̀yìn, níbi tí Kazeem àti àwọn ọ̀dọ́ tó ti kọ́ wà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbàgbé gbogbo èyí tí mo kọ́ yín, ẹ mú èyí tó gbẹ̀yìn nìkan."

Tẹ́júọlá dìde. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó fa igi lé gbólóhùn yẹn, ó wò ó díẹ̀ sí i, ó fa igi lé ìyókù. Ó kí àwọn àgbà, ó kí ọ̀gá rẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Moses ni mí. Kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ bàbá mi." Ó jókòó. Kò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan, ṣùgbọ́n láti ìjókòó àwọn ará ilé-iṣẹ́ náílọ́ọ̀nù ni ẹnìkan ti dáhùn pé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn tún un wí, wọ́n sì ń wí i lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó ń darí wọn. Àwọn kan ń sunkún, torí ọwọ́ wọn náà kan Moses lọ́jọ́ iná.

Ó yẹ kí Shukurat gbé sísọ́ọ̀sì fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Sísọ́ọ̀sì náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ó kọjá lára rẹ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, apá rẹ̀ tó ti wú lójú àpá kò tètè wọ inú rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù jáde, ó sì fi sí àtẹ́lẹwọ́ Tẹ́júọlá. Ọmọ náà pa ọwọ́ dé lé e, ó bú sẹ́kún.

Láolú ṣì wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde, kò sì sẹ́ni tó ní kó má lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, búlọ́ọ̀kù Shukurat sì dúró tì í. Ó wo ìta títí, kò lè dìde kó gba ibẹ̀ jáde.